Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n gbẹ́ ère ìbí Jésù fún ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti apá Òkè-Ògùn, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe, ilẹ̀kùn, àga, pẹpẹ, àmọ́ bàbá mi àgbà gbẹ́ ère ìbejì nígbà ayé wọn, irin wọn sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Víkà wa ní kí n gbẹ́ àwọn ère ìbí Jésù fún Kérésìmesì, Màríà, Jósẹ́fù, àwọn olùṣọ́-àgùntàn, àwọn amòye, gbogbo ẹ̀, wọ́n tún ní tó bá dáa kí n gbẹ́ Jésù lórí àgbélébùú fún ara ògiri. Inú mi dùn, àmọ́ ìyá mi ní ère ni ère ń jẹ́, pé a ti jáwọ́ nínú ẹ̀ nílé wa, kí n má dá a padà. Ìyá Ìjọ kan tún ní tí mo bá máa gbẹ́ ẹ, kí n má ṣe Jésù ní dúdú o. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ohun tó wà nínú irin bàbá àgbà má baà wọnú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣé mo sì lè gba owó ẹ̀?"

Àbúrò mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ, mo tún un kà, torí ìbéèrè tó wà nínú ẹ pọ̀ ju ọ̀kan lọ, ẹ̀rù ìyá ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rù irin bàbá àgbà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara Jésù wà níbẹ̀, owó sì jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn. Kí n yáa sọ ibi tí mo dúró kó o lè mọ bí o ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ mi. Mi ò kì í ṣe pásítọ̀, mi ò lọ síléèwé ẹ̀kọ́ ìsìn, iṣẹ́ igi àti ọ̀dà ni mo mọ̀, inú Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, àwọn Fáàdà Kátólíìkì ló sì máa ń gbé iṣẹ́ fún mi jù. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe é, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá, kí n tó béèrè irú igi, kí n tó béèrè iye: kí làwọn èèyàn máa wá ṣe níwájú ẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló máa ń sọ fún mi bóyá kí n gbà á tàbí kí n má gbà á, òun náà ló máa ń sọ fún mi bí ojú ère náà ṣe máa rí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ lónìí, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbèjà màmá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan rárá. Ní ilẹ̀ wa níbí, látìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti dé, àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ti di onígbàgbọ́ ni pé ó kó ère ilé ẹ̀ síta. Nígbà tó wá di 1930 tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, òkìtì ère àti oògùn làwọn èèyàn ń kó wá tí wọ́n ń dáná sun, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn wọ Èkìtì àti ibòmíì. Ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ tó wà lónìí, ibi tí ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iná ló wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tí ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ bá gbé ère jùnù, tó sì wá rí ọmọ ẹ̀ tó gbé àáké tó fẹ́ gbẹ́ òmíràn, ṣé kí ó máa rẹ́rìn-ín ni? Nítorí náà má ṣe bá wọn jiyàn bíi pé ojú wọn ò là. Ohun tí wọ́n ń rántí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni Ẹ́kísódù orí 20. Ẹsẹ kẹrin nìkan làwọn èèyàn máa ń kà, ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère, wọ́n á sì pa Bíbélì dé. Ẹsẹ karùn-ún tó tẹ̀ lé e ló sọ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ère náà ṣe, wọn ò gbọdọ̀ tẹrí ba fún un, wọn ò gbọdọ̀ sìn ín. Tó bá jẹ́ pé gbígbẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé Ọlọ́run tako ara ẹ̀ láìtíì jìnnà, torí orí 25 nínú ìwé kan náà ló ti ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí, orí 31 ló sì ti dárúkọ Besaleli ọmọ Uri pé òun ti fi Ẹ̀mí òun kún un láti ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, láti gbẹ́ òkúta àti láti fín igi. Oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn o, bíi tìẹ. Nígbà tí Solomoni kọ́ tẹ́ńpìlì, igi ólífì ni wọ́n fi gbẹ́ kérúbù méjì, ìkọ̀ọ̀kan ga ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, igi ọ̀pẹ àti òdòdó ni wọ́n fín sára ògiri, màlúù méjìlá ló sì gbé agbada omi tó wà níta. Ọlọ́run ò ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Èyí tí mo wá fẹ́ kó o mú lọ bá màmá gan-an ni ti ejò idẹ. Nọ́ńbà orí 21, ejò ń bu àwọn èèyàn jẹ nínú aginjù, Ọlọ́run ní kí Mósè rọ ejò kan kó gbé e kọ́ sórí òpó, ẹni tó bá wò ó á yè. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn ò jù ú nù o, wọ́n gbé e kiri fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nígbà tó di ayé Hesekiah àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí sí i, ni ọba bá fọ́ ọ túútúú, ó wà nínú Àwọn Ọba Kejì orí 18. Idẹ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló rọ ọ́, àṣẹ Ọlọ́run ló sì ti wá, kò sí nǹkan kan tó yí padà lára ejò yẹn fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú ẹ̀ ló yí padà. Wọ́n wo ó, wọ́n yè, ìyẹn dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́, ó yá, ẹ fọ́ ọ. Mi ò tíì rí ibi tí Bíbélì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ère tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

O lè ní àwọn ará ìjọ yín ò ní gbà. Ó dáa, wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí mo wọ̀, ẹyẹ idì ló wà níbẹ̀, idẹ tàbí igi, ó na ìyẹ́, Bíbélì wà lórí ìyẹ́ ẹ̀, Sunday-Sunday ni wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kìíní àti ẹ̀kọ́ kejì lórí ẹ̀. Ère ni. Ère ẹyẹ tó ní ojú, tó ní àgógó, tó ní èékánná. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù ẹ̀ rí, torí gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú ẹ̀, Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá ń sá fún igi tí o fẹ́ gbẹ́ yẹn, lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, wàá bá sítíkà wòlíì kan níbẹ̀ tó ní kó máa dáàbò bo ilé, wàá bá kàlẹ́ńdà tó ní fọ́tò pásítọ̀ tó ń fọwọ́ lé orí nígbà tí àárẹ̀ bá ṣe é. Èwo ni ère nínú méjèèjì? Mo kàn ní kí n bi wọ́n ni jàre. Ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ náà ja ìjà yìí débi pé wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ àwòrán, kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ìpàdé nílùú Niséà ní 787 kí wọ́n tó ní àwòrán lè wà, pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún un ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n yà ni, àmọ́ ìjọsìn, ti Ọlọ́run nìkan ni. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan ò gba ìyẹn títí dòní, àwọn náà ní ìdí, torí wọ́n ti rí ibi tí ọ̀wọ̀ ti di ìbọ. Mi ò lè parí ìjà yẹn fún ẹ níbí.

Ó ku irin bàbá àgbà. Ká sòótọ́, ère ìbejì tí wọ́n gbẹ́ nígbà yẹn, wọ́n máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á fi osùn kùn ún, wọ́n á fún un ní ẹ̀wà. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá tí ọmọ kú fún ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú ẹ̀ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀ fún Jésù ọmọ ọwọ́ tí o bá gbẹ́, tó ń gbé omi síwájú ẹ̀ kó lè di omi ìwòsàn, kí Víkà gbé e kúrò lọ́jọ́ náà, Hesekiah ti fọ̀nà hàn. Àmọ́ irin? Irin ò mọ nǹkan kan, àbúrò. Ẹni tó ṣiṣẹ́ idẹ tẹ́ńpìlì fún Solomoni, Hiramu ará Tire ni, ìyá ẹ̀ ni ará Naftali, bàbá ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ló sì jọ pé iṣẹ́ idẹ ti wọ ìdílé, torí alágbẹ̀dẹ idẹ ni Bíbélì pè é. Wọ́n ò torí ẹ̀ dá a padà.

Tí o bá fẹ́ èyí tó sún mọ́ ilé, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni kó o wò. Ní 1947 ni Fáàdà Kevin Carroll àti Fáàdà Seán O'Mahony, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ, àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n wá fi iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ látilé ṣe nǹkan fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bándélé tó jẹ́ ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin wà lára wọn, bàbá ẹ̀ sì rèé, ère Ẹpa tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́jọ́ ọdún àti ilẹ̀kùn ààfin ló fi lórúkọ. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Mùsùlùmí ni Làmídì, idile agbẹ́gilére ló ti wá, òun ló sì padà gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Yunifásítì Ìbàdàn. 1954 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, kò sì jẹ́ pé gbogbo ọmọ ìjọ ló fẹ́ràn ohun tó jáde níbẹ̀, àwọn kan rò pé wọ́n fẹ́ fa àwọn padà sẹ́yìn ni, ère oníṣimẹ́ǹtì funfun tó wá láti òkè òkun ló wù wọ́n. Nítorí náà ìjà ìyá ẹ kì í ṣe tuntun. Àmọ́ ère ìbí Jésù tó ti ibẹ̀ jáde, àwọn amòye tó múra bí ọba Yorùbá, àwọn èèyàn ṣì ń wò wọ́n dòní, ọwọ́ tó mọ Ẹpa ló gbẹ́ wọn. Tí ọkàn ẹ ò bá sì balẹ̀ rárá, fọ irin náà, pọ́n ọn, gbàdúrà lé e lórí, kó o lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ò dáa lọ́wọ́ agbẹ́gilére, ó máa ń jẹ́ kí ọ̀bẹ yọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá dé. Jésù tí Ìyá Ìjọ yẹn ní lọ́kàn, èyí tí irun ẹ̀ gùn tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń ti iwájú orí ẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí Warner Sallman yà ní Amẹ́ríkà ní 1940 ni, tí wọ́n ti tẹ̀ ju ìgbà mílíọ̀nù 500 lọ, tàbí èyí tí wọ́n fi wé e. Kò jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló rí Jésù bẹ́ẹ̀. Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí, Àìsáyà 53 tí wọ́n máa ń kà nípa ẹ̀ tilẹ̀ ní kò lẹ́wà tí a bá fi máa fẹ́ ẹ. Júù ará Gálílì ni, kò funfun bí òyìnbó ilẹ̀ olótùútù, kì í sì í ṣe ọmọ Òkè-Ògùn. Nítorí náà ẹni tó ya á ní òyìnbó ti mú un wá sílé tiẹ̀, ìwọ náà lè mú un wá sílé tìẹ, ẹ̀tọ́ kan náà ni. Àmọ́ má tan ara ẹ jẹ, nǹkan wà tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé sọnù. Tí o bá gbẹ́ ẹ bí Yorùbá, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọmọdé lè dàgbà kó gbàgbé pé inú àwọn Júù ni Jésù ti wá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Tí o bá tẹ̀ lé Sallman, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó pẹ́ náà, ojú ti mọ́ ọn lára jù. Èmi á gbẹ́ ẹ bí ọwọ́ mi ṣe ń gbẹ́, màá fi igi sílẹ̀ láìkun ojú, kí àwọ̀ igi jẹ́ àwọ̀ igi, ìjà dúdú àti funfun á dínkù níbẹ̀ yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn gan-an wá nìyí, àwọn ère fúnra wọn. Kó o tó fọwọ́ kan igi, ka Lúùkù orí 2 àti Mátíù orí 2 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, má dà wọ́n pọ̀. Inú Lúùkù ni olùṣọ́-àgùntàn àti ibùjẹ ẹran wà, inú Mátíù ni àwọn amòye wà, kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta, inú ilé ló sì ní wọ́n ti bá ọmọ náà. Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí gbogbo èèyàn máa ń kó síbẹ̀, kò sí nínú méjèèjì. Mi ò ní kó o yọ wọ́n o, ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fi wọ́n síbẹ̀, Francis ará Assisi náà sì kó màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi jọ ní Greccio ní 1223 kí àwọn ará abúlé lè fojú rí ìbí Jésù, mo kàn fẹ́ kó o mọ èyí tó wá láti inú Ìwé àti èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi kún un.

Màríà, èrò tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹ ni kó pọn ọmọ, torí ère abiyamọ tó pọnmọ la mọ̀ jù nílé wa. Ó dára lójú, àmọ́ wò ó dáadáa: ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló kọjú sí, àwọn ará ìjọ tó wà níwájú ò ní rí i, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n wá wò. Èmi á jẹ́ kí Màríà kúnlẹ̀, ọmọ á wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀ lórí koríko. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò sí Yorùbá tí o máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Àwọn amòye náà ńkọ́? Mátíù ní wọ́n wólẹ̀. Tí o bá gbẹ́ wọn bí ọba wa, pẹ̀lú adé ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹyẹ lórí ẹ̀, o ti gbẹ́ ohun tí ojú wa kì í sábà rí nìyẹn, torí Kábíyèsí kì í ṣàdédé kúnlẹ̀ fún èèyàn, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ tí wọ́n bí sí ibùjẹ ẹran. Ẹni tó bá rí i á dúró. Àwọn kan á ní kí o ṣí adé náà kó o gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, o mọ̀ pé ọba kì í wo inú adé ẹ̀, àwọn àgbà á máa rò ó pé èèwọ̀ ló gbẹ́ síbẹ̀, ọkàn wọn á kúrò lára ọmọ náà. Jẹ́ kí adé wà lórí, kí eékún kanlẹ̀, ó tó. Sọ fún Víkà pẹ̀lú kí wọ́n má kó àwọn amòye síbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, kí wọ́n gbé wọn sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ọmọ Sunday School máa sún wọn síwájú díẹ̀díẹ̀ títí di January 6, ọjọ́ tí ìjọ ń rántí àwọn amòye. Ohun tí wọ́n máa ṣe níwájú ẹ̀ ni mò ń sọ yẹn o.

Ti Jésù lórí àgbélébùú le ju gbogbo ẹ̀ lọ, kí n má parọ́ fún ẹ. Ọnà ilẹ̀ wa ò mọ ìrora lójú, ojú ère wa máa ń tutù, ó máa ń dà bí ẹni tó wà ní àárín ọjọ́ orí ẹ̀ tí ara ẹ̀ le, ì báà jẹ́ jagunjagun. Òyìnbó ní tiwọn máa ń fi ìrora hàn gbangba. Ní Isenheim, níbi tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Faransé báyìí, Matthias Grünewald ya Jésù kan láàárín 1512 sí 1516, egbò ló kún ara ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ti ń yí padà, ìka ẹ̀ ká kò bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ó burú lójú. Àmọ́ ilé ìwòsàn àwọn mọ́ǹkì ni wọ́n yà á fún, àwọn tí àrùn ń jẹ lára ni wọ́n ń gbé wá síwájú ẹ̀, àwọn ni wọ́n fẹ́ kó rí i pé ara tiwọn ló wà níbẹ̀ yẹn. Ta ló wà níwájú tìẹ? Tó bá jẹ́ pé àwọn ìyá tó ń wá gbàdúrà òwúrọ̀ ni, màá fi ojú náà sílẹ̀ kó tutù bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ, màá wá gbé ìrora lọ sí ara, ejìká tó fà, egungun ìhà tó hàn, ọwọ́ tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ bí ọwọ́ ẹ ò bá tíì dá ara èèyàn tó so rọ̀ mọ̀, bẹ Víkà kó fún ẹ ní ọdún kan sí i, kó o kọ́kọ́ ṣe ti Kérésìmesì. Àgbélébùú lásán tí kò ní ère kankan lórí náà dáa, ọ̀pọ̀ ìjọ ló jẹ́ òun nìkan ni wọ́n máa gbà, má wò ó bí iṣẹ́ kékeré, wo bí igi méjì ṣe máa pàdé.

Ààwẹ̀. Àwọn tó ń ya àwòrán mímọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì máa ń gbàdúrà, wọ́n máa ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà, nítorí náà ọ̀rẹ́ ẹ ò sọ ohun tí kò sí rí. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí ààwẹ̀ jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń lé nǹkan kúrò nínú irin. Gbà á tó bá wù ẹ́, kó lè dín ariwo ọkàn ẹ kù, kó o lè wo ohun tí o ń ṣe. Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tiẹ̀, bàbá ẹ àgbà á ti sọ fún ẹ pé ìpele mẹ́rin ni: ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń la orí kúrò lára ọrùn, ọrùn kúrò lára àyà; alétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ; dídán; lẹ́yìn náà fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fín irun àti aṣọ. Ọnà lílé ni àdúrà ẹ yẹ kó ti pọ̀ jù, torí tí orí bá ti kéré jù níbẹ̀, kò sí fínfín tó máa gbà á. Èmi máa ń ka ẹsẹ Bíbélì tó jẹ́ ti ère náà kí n tó gbé àáké, ẹsẹ kan náà lójoojúmọ́ títí màá fi parí ẹ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ní alétúnlé ni màá tó rí ohun tí mi ò rí nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé ìran ni. Wíwò ni.

Igi ọ̀mọ̀ ni kó o wá fún ti Kérésìmesì, ó fúyẹ́, ó rọ ọ̀bẹ lọ́rùn, àwọn ọmọdé á lè gbé e. Ìrókò dáa fún ti ògiri torí ikán kì í fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó wúwo, ó sì le. Má jẹ́ kí àárín gbùngbùn igi bọ́ sí ojú ère, ibẹ̀ ló máa là sí. Tó bá jẹ́ igi tútù lo fi ń ṣe é bíi ti àwọn bàbá wa, fi àpò tó tutù bò ó ní gbogbo alẹ́, má sì gbé e sí oòrùn kó lè tètè gbẹ, yóò ya sí méjì lójú ẹ.

Tí ìjọ bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, má jà. Ọ̀nà míì wà tí kò ní dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ọnà tí wọ́n fín sára pákó, tí kò dá dúró bí ère, ó máa ń rọrùn fún àwọn èèyàn láti gbà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìtàn Jésù lára, iwájú pẹpẹ, ìdérí àwo ìrìbọmi. Bruce Onobrakpeya tó jẹ́ Urhobo ya àwòrán mẹ́rìnlá tó ń sọ ìrìn Jésù pẹ̀lú àgbélébùú sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, àwọn èèyàn inú ẹ̀ wọ aṣọ tó ní àrà bíi ti àdìrẹ, ní 1969 ó tún tẹ irú ẹ̀ sórí bébà, kò sẹ́ni tó ní wọ́n ń bọ ara ògiri. Rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń rìn, láti èkíní dé ìkẹrìnlá.

Ní ti màmá, má fi ẹsẹ Bíbélì lé wọn mú. Pè wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí o bá wà ní alétúnlé, kí wọ́n bá ẹ wo Màríà bóyá ìkúnlẹ̀ ẹ̀ tọ̀nà, àwọn tó bímọ ló mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá wo ó tí wọ́n ṣì ní rárá, a jẹ́ pé o ní láti yan, mi ò sì lè bá ẹ yan ìyẹn. Àwọn kan á ṣe é, àwọn kan á dúró di ìgbà tí ọkàn ìyá wọn bá rọ̀, mi ò dá ẹnì kankan lẹ́bi nínú méjèèjì.

Owó ńkọ́? Gbà á. Àwọn Ọba Kejì orí 12, owó tí wọ́n dá sínú àpótí ilé Olúwa ni wọ́n san fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtàwọn kọ́lékọ́lé, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́run. Tí o bá fẹ́ fi ọwọ́ ẹ ṣe ọrẹ, ìyẹn tún yàtọ̀, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ lo yàn án, kó o sì sọ iye tó yẹ kó jẹ́ fún wọn kí wọ́n mọ ohun tí o fi sílẹ̀. Kọ àdéhùn sílẹ̀ kí Víkà fọwọ́ sí i, mélòó ni ère, báwo ni wọ́n ṣe ga tó, ta ló máa ra igi, ìgbà wo ni wọ́n máa san ìdajì. Kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn January 6 wọ́n máa kó o sínú àpótí, ibi gbígbẹ, kó má lọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọdún kí àwọn èèyàn máa fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ ṣe é tán ká tó sọ̀rọ̀ owó, má tíì gé igi.